Irú fáìlì wo ni kí n fi ránṣẹ́? Ìfiwéra fún akẹ́kọ̀ọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ àti ẹni tó fẹ́ tẹ káàdì

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi mí jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Odò, ní Tanke ní Ìlọrin, ni pé, "Àǹtí, nínú PDF àti Word, èwo ló dáa jù?" Èmi náà á bi wọ́n pé ta ló fẹ́ gba fáìlì ọ̀hún, kí ló sì fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, tó fẹ́ yọ, tó fẹ́ fi kún, ohun tó ṣeé tún ṣe ló yẹ ká fún un. Ẹni tó kàn fẹ́ kà á, tàbí tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ohun tí kò ní yí padà lójú ọ̀nà ló yẹ kó gbà. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ wáàsì nínú mọ́tò láti Ìlọrin dé Omù-Àrán kò nílò irú fáìlì tí ẹni tó fẹ́ gé wáàsì yẹn sí wẹ́wẹ́ nílò. Orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ dá lé.

Lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀lé dọ́ọ̀tì níparí orúkọ fáìlì la fi ń dá irú rẹ̀ mọ̀: .docx, .pdf, .jpg, .mp3. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìrù. Windows máa ń fi ìrù yìí pamọ́ àyàfi téèyàn bá ní kó gbé e jáde, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ lè rí fáìlì méjì tó ń jẹ́ "ìwé ẹ̀rí" nínú fóldà kan náà, kí ẹ má mọ èyí tó jẹ́ fótò nínú wọn. Nínú Windows 11, ẹ ṣí fóldà, ẹ tẹ View, ẹ tẹ Show, kí ẹ wá mú File name extensions.

Ṣùgbọ́n ìrù nìkan kọ́ ni fáìlì o. Tí pọ́tàlì bá ní JPG nìkan lòun fẹ́, tí ẹnì kan wá pa .png rẹ́ lára orúkọ fótò rẹ̀ tó kọ .jpg síbẹ̀, PNG náà ló ṣì wà nínú ibẹ̀. Àwọn pọ́tàlì kan máa ń yẹ inú fáìlì wò, wọ́n á sì dá a padà. Ẹ ṣí fótò náà nínú Paint, ẹ lo Save As, ẹ mú JPEG. Ìgbà yẹn ló tó yí padà lóòótọ́.

DOCX tàbí PDF

DOCX ni Word ń lò láti ìgbà Office 2007. DOC ni tàwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ibi tí ẹ ń lọ bá ti darúgbó débi pé Word 2003 ló wà lórí rẹ̀, ẹ bá wọn fi DOC pamọ́, àmọ́ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́. Èyí tó yẹ ká jókòó tì ni DOCX àti PDF.

Ohun tó wà nínú DOCX ni ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀, àti àṣẹ nípa bí wọ́n ṣe máa tò ó: fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) báyìí ni kí wọ́n lò, àlàfo báyìí ni kí wọ́n fi sílẹ̀, ojú ewé tuntun ni kí orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá ṣí i ló máa to iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Tí fọ́ǹtì tí ẹ lò ò bá sí lórí rẹ̀, á fa òmíràn yọ. Bí lẹ́tà ti òmíràn yìí bá fẹ̀ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ kan á já sí ìlà kejì, ìpínrọ̀ á sún, ojú ewé náà á sún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin tó fi WPS, ápù tó ń ṣiṣẹ́ bíi Word, tẹ projẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lórí fóònù bá gbé e wá fún wa pé ká tẹ̀ ẹ́ jáde. Lórí fóònù rẹ̀, ojú ewé 24 ni Orí Kẹta ti bẹ̀rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà wa, ó ti di 26, àmọ́ 24 ṣì ni àtòjọ àkóónú tó wà níwájú ìwé ń pè é. Tábìlì tó wà lójú ewé kan ti pín sí méjì, àkọlé rẹ̀ wà lójú ewé kan, nọ́ńbà inú rẹ̀ wà lójú ewé kejì. Ọmọ náà á yíjú sí mi: "Àǹtí, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn." Bẹ́ẹ̀, a ò tíì fọwọ́ kàn án.

Adobe ló gbé PDF jáde ní 1993. Ní 2008 ó di ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 32000, tó fi jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí ló lè ṣe ápù tó ń ṣí i. Ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa dúró sí lójú ewé ni PDF ń kọ sílẹ̀, ó sì lè gbé fọ́ǹtì náà fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. DOCX ni aṣọ àti ìwọ̀n tí a kó fún télọ̀; PDF ni bùbá tí wọ́n ti rán tán.

Fún àwa tí a ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì yìí le ju bó ṣe le fún ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kí gbogbo kọ̀ǹpútà lè dá a mọ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ náà ní tirẹ̀. Àmọ́ ẹ́ àti ọ̀ ò ní: lẹ́tà kan àti àmì ohùn kan ni wọ́n so pọ̀. Fọ́ǹtì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbé àmì náà lé orí lẹ́tà géérégé. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Linguistics and Nigerian Languages tó ti jókòó fi àmì sórí odindi oríkì lè dé ibi ìtẹ̀wé kó máa rí ọ□ láàárín ìlà. Bákan náà ló rí fún àáfà tó kọ Bísímílà ní Lárúbáwá sókè ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ kéú. Nínú ápù tí kò mọ Lárúbáwá dáadáa, àwọn lẹ́tà tó yẹ kó so mọ́ra á já sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n tiẹ̀ lè máa tò láti òsì lọ sí ọ̀tún. Gbàrà tí ẹ bá ti rí i pé gbogbo rẹ̀ pé lójú kọ̀ǹpútà tiyín, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́ di PDF, kí ẹ tó gbé e kúrò. Nínú Word, Save As ni, kí ẹ mú PDF. Nínú WPS ti fóònù, ẹ wá Export to PDF.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ wo ìwọ̀n pépà. Ọ̀pọ̀ àwòṣe tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà, pépà Letter ni wọ́n fi ṣe, 21.6 sẹ̀ńtímítà ní ìbú, 27.9 ní gígùn. A4 tí gbogbo wa ń lò níbí jẹ́ 21 sí 29.7. PDF ò ní bá yín tún un ṣe. Ìwọ̀n tí ẹ bá fún un ló máa dì mú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á wá sún un kì tàbí kó gé e létí. Ẹ tẹ Layout, ẹ tẹ Size, ẹ mú A4.

Níbo ni PDF ti di wàhálà? Lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń bójú tó projẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ wọn ni láti fa ìlà sí i, kí wọ́n yọ, kí wọ́n ní "ṣàlàyé èyí". Nínú DOCX, Track Changes á fi gbogbo àtúnṣe wọn hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin á sì gba èyí tó yẹ kí ẹ gbà wọlé. PDF tí ẹ bá fún wọn, àlàyé ẹ̀gbẹ́ ìwé nìkan ni wọ́n lè kọ sí i, ẹ̀yin á tún padà lọ máa tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Nítorí náà: DOCX fún ọ̀gá, PDF fún ibi ìtẹ̀wé. Kí ẹ sì tọ́jú DOCX kódà lẹ́yìn tí ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí yín tán.

Àwọn ápù wà tó ń sọ PDF padà di Word. Mi ò kì í fún ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbẹ́kẹ̀ lé wọn. PDF mọ ibi tí lẹ́tà wà, kò fi dandan mọ̀ pé ìlà mẹ́rin yìí jẹ́ ìpínrọ̀ kan tàbí pé àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí jẹ́ tábìlì. Ńṣe ni ápù ọ̀hún ń méfò. Ó máa ń mọ̀ ọ́n nígbà míì. Tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá tó kún fún àmì, ẹ múra àtika gbogbo ìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún PDF tó jẹ́ fótò. Ìwé tí wọ́n fi fóònù tàbí ẹ̀rọ síkánà yà, tí wọ́n wá dì ní PDF, àwòrán ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù kí ẹ wò ó bóyá á mú un. Bí kò bá mú nǹkan kan, tàbí tó mú odindi ojú ewé, fótò ni. Ó dáa fún ìwé ẹ̀rí tí ẹ fẹ́ gbé sórí pọ́tàlì. Kò dáa fún ìwé tí èèyàn máa wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó sì máa ń tóbi ju PDF ọ̀rọ̀ lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀.

Excel tàbí CSV

Èyí kan àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́: ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní Ọ̀fà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Orò, àjọ èsúsú ní Ìgbàjà. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, owó tí oníkálukú san. XLSX tọ́jú gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀, ìṣirò àti ewé tó ju ẹyọ kan lọ. CSV ò mọ ju ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n fi kọ́mà pín lọ, ewé kan péré ló sì ń gbà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí kò lè ṣí i. Àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, CSV ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Tí ẹ bá fẹ́ kó nọ́ńbà wọ inú fóònù láti Google Contacts, òun náà ni.

Ìyọnu ibẹ̀ ni nọ́ńbà. Ẹ fi ẹ̀ẹ̀mejì tẹ CSV pé kó ṣí nínú Excel. Excel á rí 08030000000, á rò pé iye owó ni, á gé òdo iwájú sọnù. Ó ku 8030000000, nọ́ńbà mẹ́wàá, èyí tí kò lè wọlé sórí fóònù ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ pé 234 ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́tàlá, ohun tí ẹ máa rí nínú àpótí ni 2.34803E+12. Ìyẹn ṣì ṣeé gbà là tí ẹ ò bá tíì fi pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ Save sí orí CSV náà, 2.34803E+12 ló máa wọnú fáìlì lóòótọ́, nọ́ńbà àwọn èèyàn yín ti lọ nìyẹn. Nọ́ńbà tó bá ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, bíi tojú káàdì ATM, Excel á sọ èyí tó gbẹ̀yìn di òdo láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún dáa bẹ́ẹ̀, nítorí kò yẹ kí akọ̀wé kankan máa kó nọ́ńbà káàdì ọmọ ẹgbẹ́ jọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé: ẹ ṣí Excel tó ṣófo, ẹ tẹ Data, ẹ tẹ From Text/CSV, ẹ mú fáìlì náà. Kó tó wọlé, ẹ yí òpó nọ́ńbà fóònù sí Text. Nínú XLSX tiyín pàápàá, ẹ ti sọ òpó yẹn di Text kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà sí i.

Orúkọ àwọn èèyàn náà lè dà rú. Tí CSV bá jẹ́ UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ nọ́ńbà Unicode sínú fáìlì, tí Excel sì kà á bí ìgbà àtijọ́, Adébáyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ bíi AdÃ©bÃ¡y, ìyókù á tún burú jùyẹn lọ. Nínú Save As, CSV UTF-8 ni kí ẹ mú, kì í ṣe CSV tó wà lásán nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún àwọn tó ń kọ nǹkan sínú Notepad: láti 2019 ni Notepad ti Windows 10 ti ń fi UTF-8 pamọ́ fúnra rẹ̀, èyí tó ṣáájú ìyẹn, tí ẹ bá fi sílẹ̀ ní ANSI (ọ̀nà àtijọ́), gbogbo ẹ àti ọ yín á di àmì ìbéèrè, kò sì sí oògùn fún un.

Ìdájọ́ tèmi: XLSX ni kí ìwé ẹgbẹ́ máa wà nínú rẹ̀. CSV, ọjọ́ tí ẹnì kan bá béèrè ni kí ẹ yọ ọ́ jáde, kí ẹ sì pa á rẹ́ lẹ́yìn náà. XLS àtijọ́ ò gbà ju ìlà 65,536 lọ, XLSX ń gba 1,048,576. Mi ò mọ ẹgbẹ́ ìlú tó máa dé ibẹ̀.

Fótò, lógò àti káàdì

| Irú | Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe | Ibi tó ti ń dójú tini |
|---|---|---|
| JPG | fótò èèyàn, ayẹyẹ, pásípọ́ọ̀tù. Ó kéré, gbogbo ibi ló ń ṣí | ẹ̀yìn lógò kì í ṣófo. Etí lẹ́tà máa ń rí bí ẹni pé eruku wà níbẹ̀ |
| PNG | lógò, àwòrán ojú fóònù, ohunkóhun tó ní ọ̀rọ̀ nínú | fótò èèyàn nínú rẹ̀ máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ |
| HEIC | fótò iPhone. Ó kéré ju JPG lọ, kò sì burẹ́wà | ọ̀pọ̀ pọ́tàlì àti kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n |
| CDR | iṣẹ́ CorelDRAW: káàdì, bánà, sítíkà | àfi ẹni tó ní CorelDRAW |

JPG ti wà láti 1992. Bó ṣe ń kéré ni pé ó máa ń ju àwọn kúlẹ̀kúlẹ̀ tí ojú ò tètè rí nù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, tí ẹ tún un ṣe, tí ẹ tún fi pamọ́, ó tún ju òmíràn nù. PNG, tó dé ní 1996, kì í ju nǹkan kan nù, ó sì lè jẹ́ kí ẹ̀yìn àwòrán ṣófo pátápátá. Lógò ilé kéú yín tí ẹ gbé sórí ìwé aláwọ̀ ewé, tó wá ní àpótí funfun láyìíká, JPG ló fà á. iPhone ń ya HEIC láti iOS 11 ní 2017. Ẹ lọ sí Settings, Camera, Formats, kí ẹ mú Most Compatible, JPG ni á máa yà látìgbà náà lọ.

Pọ́tàlì tó bá ní kí fótò má ju 100 KB lọ, ẹ má wá ápù tó ń "fún" fótò. Ẹ dín gígùn àti ìbú rẹ̀ kù. Fótò pásípọ́ọ̀tù tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 4,000 (píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n fi to fótò) ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́ di bíi 600 nínú Paint, ẹ fi JPG pamọ́, ó sábà máa ń bọ́ sábẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n ń béèrè.

WhatsApp ni ọ̀tá ibi ìtẹ̀wé. Tí ẹ bá fi fótò ránṣẹ́ bíi fótò, WhatsApp á dín in kù kó tó gbé e lọ. Lójú fóònù kò hàn. Lórí pépà ló ń hàn. Káàdì ínǹṣì 5 sí 7 nílò 300 píksẹ́lì nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan kó tó mọ́ lójú, ìyẹn 1,500 sí 2,100. Bọ́tìnì HD tí wọ́n fi kún un ní 2023 ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dájú ni kí ẹ tẹ àmì ìfìwéránṣẹ́, kí ẹ mú Document, kí ẹ wá fótò náà níbẹ̀. Bó ṣe wà lọ́wọ́ yín ló máa ṣe dé ọwọ́ wa. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ ṣe káàdì wòlímọ̀ nìyẹn kí wọ́n tó kúrò nílé, síbẹ̀ fótò ìyàwó tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láti gúrúùpù kan sí òmíràn ni wọ́n máa ń gbé wá.

Bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá yàtọ̀ sí káàdì. Lógò tí ẹ bá gbé sórí rẹ̀ ní JPG á fọ́ sí àpótí kéékèèké. CDR, AI àti SVG ò tọ́jú píksẹ́lì; ìlà àti ìṣirò ìlà ni wọ́n tọ́jú, ẹ lè fà á tó ilé kò ní fọ́. Ẹni tó bá yàwòrán lógò yín, ẹ gba CDR tàbí SVG lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san owó tó kù. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè, wọ́n á gba JPG kan lórí WhatsApp, ó parí. Ẹni tó bá tún fẹ́ lò ó lọ́dún tó ń bọ̀ á wá sanwó àyàtúnyà.

Láàárín àwa tí a ń lo CorelDRAW fúnra wa, wàhálà méjì ló wà. Èyí tí wọ́n fi Corel tuntun ṣe kì í ṣí nínú ti àtijọ́: ẹ lo Save As, kí ẹ mú nọ́ńbà Corel tó kéré. Fọ́ǹtì ni ìkejì. Ẹ mú gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ tẹ Ctrl+Q, á sọ lẹ́tà di àwòrán ìlà, kò sí fọ́ǹtì tí wọ́n máa wá mọ́. "Àṣàkẹ́" á dé ibẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, Lárúbáwá á dé ní síso. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè tún sípẹ́lì ṣe mọ́ nínú ẹ̀dà yẹn o, ẹ̀dà míì ni kí ẹ ṣe é sí.

Ohùn: MP3, WAV àti èyí tó wá láti WhatsApp

Ní Ìlọrin, kò sí òṣù Ramadan tí wọn kì í gba tafsíírì sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á ní WAV, tí kì í ju ohùn kankan nù, wákàtí kan ní ìwọ̀n ohùn sídì tó bọ́ sí etí méjèèjì tó nǹkan bí 635 MB. Ní MP3 tó jẹ́ 128 kbps (kbps ni ìwọ̀n dátà tó ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wákàtí yẹn kan náà kò ju nǹkan bí 58 MB lọ. Ní 64 kbps, 29 MB. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo tó ń wáàsì, 64 tó o. Ìlù dadakúàdá ò tó bẹ́ẹ̀ rárá: ẹ máà lọ sísàlẹ̀ 192, torí ariwo ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lókè lókè ni MP3 ti kọ́kọ́ máa ń dín nǹkan kù.

Àwọn ará Fraunhofer ní Jámánì ló ṣe MP3, ní 1995 ni wọ́n sì fún un ní ìrù yẹn. Bí JPG ló rí: ó ju ohun tí etí ò tètè gbọ́ nù. Nítorí náà, ẹni tó máa gé, tó máa yọ ariwo fáànù, tó máa dín òkè ohùn kù, ẹ fún un ní WAV. Ẹni tó máa gbọ́, MP3. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá sọ MP3 padà di WAV, ó kàn máa tóbi ni. Ohun tó ti sọnù kò ní padà wá.

Fọ́ìsì nóòtì WhatsApp máa ń jẹ́ .opus. Ó dáa púpọ̀ fún ohùn èèyàn, ó sì kéré ju MP3 lọ. Àmọ́ rédíò inú mọ́tò púpọ̀ ò mọ̀ ọ́n, bí wọn ò ṣe mọ M4A tí ọ̀pọ̀ fóònù fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, á ní kò sí orin. MP3 ni kí ẹ sọ ọ́ dà kí ẹ tó gbéra.

Fídíò

MP4. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn níbẹ̀. MKV dáa fún fíìmù tó ní èdè méjì tàbí àkọlé ìsàlẹ̀, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ lè kọ̀ ọ́. 3GP ti di ti fóònù ìgbà àtijọ́. Tí MP4 bá ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tí àwòrán ò sì jáde, inú rẹ̀ ló yàtọ̀, bóyá H.265, ọ̀nà ìdìpọ̀ fídíò tuntun, ni wọ́n fi dì í: ẹ sọ fún ẹni tó ya ìgbéyàwó yín kó fún yín ní H.264. Bí fíláàṣì bá sì ní fáìlì ti tóbi jù nígbà tí àyè ṣì wà lórí rẹ̀, FAT32 ni wọ́n fi tò ó, kì í gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB. Ẹ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, ẹ tún un tò ní exFAT.

ZIP tàbí RAR

ZIP. Òun àti RAR ló ń di ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀ sí ẹyọ kan, àmọ́ ZIP ni Windows, Mac àti ọ̀pọ̀ fóònù ń ṣí láìsí ápù tuntun. Àǹfààní rẹ̀ ni pé fóldà kan tó ní ogójì fáìlì á lọ bí ẹyọ kan. Ẹ má retí pé fótò JPG tàbí MP4 á kéré sí i nínú rẹ̀. Wọ́n ti sọ wọ́n di kékeré tẹ́lẹ̀.

Fáìlì tí kò nírù, àti èyí tí ìrù rẹ̀ ń parọ́

Nígbà míì, ohun tí ẹ dáńlóòdù á dé láìní ìrù, kọ̀ǹpútà á máa bi yín pé kí lòun máa fi ṣí i. Ẹ ṣí Notepad, ẹ gbé fáìlì náà sínú rẹ̀, kí ẹ wo lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀. Ìsọkúsọ ni ìyókù, ẹ má kà á, ẹ má sì tẹ Save. Bí ẹ bá rí %PDF, ẹ ti Notepad pa, kí ẹ fi .pdf kún orúkọ rẹ̀. PNG á kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. JPG sábà máa ń ní JFIF tàbí Exif, ọ̀pọ̀ MP3 ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ID3. PK túmọ̀ sí ZIP, lẹ́tà orúkọ Phil Katz tó ṣe é ní 1989 ni. Ṣùgbọ́n DOCX àti XLSX náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK, nítorí ZIP ni wọ́n nínú. Ẹ kọ́kọ́ dán .docx wò, bí kò bá ṣí, .xlsx, kí ẹ tó wá bọ́ sórí .zip.

APK, fáìlì tí wọ́n fi ń gbé ápù sórí fóònù Android, PK náà ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, torí náà ìrù ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ. Kò sí káàdì ìkésíni, ìwé ìgbaniwọlé tàbí rìsíìtì báńkì kankan tó yẹ kó ní .apk nídìí. Lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́kún ni orúkọ bíi "rìsíìtì.pdf.exe": Windows á fi .exe pamọ́, ẹ̀yin á rí "rìsíìtì.pdf". Àmọ́ inú rẹ̀ kò lè parọ́. Bí ẹ bá gbé e sínú Notepad, tí MZ sì ni lẹ́tà méjì àkọ́kọ́, ètò tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín ni, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ máa sọ. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì pe ẹni tó fi ránṣẹ́ lórí fóònù, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ti ọ̀dọ̀ òun jáde.